Ṣé àwọn èèyàn ṣì ń dáwó? Ohun tójú mi rí ní Bàrígà

Ẹ kú ìrònú o. Ẹ ní ẹ fẹ́ dá ẹgbẹ́ aláàánú sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí kò rí ilé ìwé lọ ní Mushin, ẹ sì ń béèrè bóyá àwọn èèyàn ṣì ń dáwó nínú ọ̀wọ́n gógó yìí, àbí kí ẹ kúkú kọ̀wé sí àwọn òyìnbó. Láti 2015 ni mo ti wà lẹ́nu irú ẹ̀ ní Bàrígà, lápá etí omi níbi tí àwọn Ìlàjẹ ń gbé. Mo ti gba owó òyìnbó, mo ti jẹ gbèsè ìrẹsì, wọ́n sì ti pè mí lólè níṣojú àwọn ọmọ mi.

Èèyàn ń dáwó. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé àánú ti tán nílùú. Ní 2025, àjọ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Charities Aid Foundation, gbé ìwádìí jáde lórí bí wọ́n ṣe ń tọrẹ káàkiri ayé, Nàìjíríà ló sì ṣáájú gbogbo wọn. Nínú ₦100 tó bá wọlé fún wa, ₦2.83 là ń fi tọrẹ. Tí a bá pò gbogbo ayé pọ̀, kò ju ₦1.04 lọ. Nígbà tí ọmọ mi kà á fún mi, ẹ̀rín ni mo rín, torí àpò ẹgbẹ́ wa gbẹ táútáú lóṣù yẹn. Mo ní, "Níbo wá lowó ọ̀hún wà?" Ó wà ní ọsibítù, níbi tí aládùúgbò ti ń bá aládùúgbò san owó iṣẹ́ abẹ. Ó wà nínú àpótí ṣọ́ọ̀ṣì àti nínú báàgì mọ́sáláṣí. Ó wà lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n tí wọ́n lé wálé torí owó táàmù. Àwa ará ibí kì í sábà fún ẹgbẹ́ lówó, èèyàn la máa ń fún. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ bẹ́ẹ̀, owó ńlá ni mo sì fi kọ́ ọ.

Obìnrin márùn-ún la jẹ́ nígbà tá a bẹ̀rẹ̀, àwa tá a jọ ń dá àjọ ládùúgbò. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ń mú ₦1,000 wá lọ́sẹ̀. Àpò ìrẹsì ò tíì tó ₦12,000 nígbà yẹn, nítorí náà owó wa ń tó oúnjẹ ọjọ́ Sátidé fún ogójì ọmọ, ó tún ń ṣẹ́kù. Àwọn onítẹ̀wé Ṣómólú ń fún wa ní pépà tí wọ́n gé kù, a ń fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán an pọ̀ di ìwé ìkọ̀wé. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ń kọ́ wọn ní ìṣirò, owó ọkọ̀ nìkan là ń fún un. Kò sẹ́ni tó ń pe ara rẹ̀ ní NGO láàárín wa.

Àkáǹtì tèmi ni owó ń wọ̀, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe àkọ́kọ́ wà. Ọ̀gbẹ́ni kan tó fún wa ní ₦20,000 wá sílé mi ní Sunday kan, ó ní òun gbọ́ pé mo ń fi owó àwọn ọmọ kọ́lé sí Ìkòròdú. Mo ń kọ́lé lóòótọ́. Yàrá méjì ni, owó ọkọ mi ni, ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ fi hàn án? Owó ọbẹ̀ ilé mi, owó àjọ, owó àwọn ọmọ, gbogbo ẹ̀ ló dà pọ̀ sínú ìwé báńkì kan ṣoṣo. Ó lọ, kò padà wá mọ́. Mi ò bínú sí i.

Ní 2018 la wá lọ gba ìwé ìforúkọsílẹ̀ ẹgbẹ́. Ẹ̀yin náà ẹ gbà á, torí báńkì ò ní ṣí àkáǹtì lórúkọ ẹgbẹ́ fún yín láìsí i. CAC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ ẹgbẹ́ àti iléeṣẹ́ sílẹ̀, á ní kí ẹ polówó orúkọ ẹgbẹ́ àti ti àwọn trọ́sítì, ìyẹn àwọn tó dúró fún ẹgbẹ́, nínú ìwé ìròyìn méjì, ẹ ó sì fún aráyé ní ọjọ́ 28 bóyá ẹnì kan lóhun tó fẹ́ sọ. Báńkì á tún béèrè ìwé ẹ̀rí SCUML, ìyẹn ẹ̀ka tó wà lábẹ́ EFCC tó ń ṣọ́ owó tí ò mọ́. Ọ̀fẹ́ ni SCUML o! Èmi ò mọ̀, mo sanwó fún agbódegbà kan tó ní òun mọ èèyàn níbẹ̀, oṣù mẹ́rin ló fi ń sọ fún mi pé ó kù dẹ̀dẹ̀. Ìròyìn ọdọọdún tún wà tí ẹ gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ sí CAC láàárín ọjọ́ 30 oṣù kẹfà sí ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá. Ẹ kọ ìyẹn sára ògiri.

Ìwé pé, gíránǹtì dé. Iléeṣẹ́ aláàánú kan lókè òkun, mi ò ní dárúkọ wọn, fọwọ́ sí owó dọ́là fún wa fún ọdún méjì. A jó lọ́jọ́ yẹn. A gba ọ́fíìsì, a gba òṣìṣẹ́ mẹ́fà, a ra jẹnẹrétọ̀. Kò pẹ́ tí ìròyìn kíkọ fi di iṣẹ́ wa gan-an: ọmọ mélòó ló jẹun, mélòó ló jẹ́ obìnrin, ìdá mélòó ni ìmọ̀ wọn fi lé sí i. Àwọn obìnrin àjọ wa sì dáwọ́ dúró. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi pé, "Ìyá Bọ́lá, ẹ ti rí òyìnbó, kí lẹ fẹ́ fi ₦1,000 tèmi ṣe?" Mi ò bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró. Ojú mi ti ga nígbà yẹn.

Ní 2021, ímeèlì kan dé tí kò ju ìlà mẹ́fà lọ. Wọ́n kí wa, wọ́n yìn wá, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ tó ń yí padà ni àwọn ń náwó sí báyìí. Kò tó oṣù mẹ́ta, ọ́fíìsì lọ, òṣìṣẹ́ lọ. Jẹnẹrétọ̀ la tà tá a fi san owó tí a jẹ tíṣà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ 2025 ò fi yà mí lẹ́nu púpọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún yẹn ni Ààrẹ Amẹ́ríkà dá owó ìrànwọ́ ilẹ̀ òkèèrè dúró, wọ́n ní ọjọ́ 90 ni. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù keje, USAID fúnra rẹ̀, àjọ tó ń pín owó ìrànwọ́ Amẹ́ríkà, ti kógbá sílé. Ìjọba tiwa fi $200 mílíọ̀nù kún ìsúná ìlera láti dí ihò náà. Àmọ́ mo mọ àwọn tó máa ń rìn láti ojúlé dé ojúlé ní Ajégúnlẹ̀, tí wọ́n ń rán àwọn tó ní HIV létí oògùn wọn, tí wọ́n padà sílé lọ jókòó. Ẹ rántí wọn bí ẹ bá ti mú bírò láti kọ lẹ́tà yẹn.

Lẹ́yìn tí owó òyìnbó lọ, mo ṣe ohun tí mo ṣì ń kábàámọ̀ títí dòní. Mo ya fọ́tò ọmọbìnrin kan, bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, eruku lójú, ẹsẹ̀ lásán, àwo ìrẹsì lọ́wọ́. Èmi fúnra mi ni mo ní kó bọ́ bàtà. Mo gbé e sórí Facebook. Láàárín ọjọ́ méjì, àláàtì tó wọlé ju ti oṣù mẹ́ta lọ. Ní bí oṣù kan lẹ́yìn náà, ìyá ọmọ náà dé, ó di fóònù aládùúgbò ẹ̀ mú lọ́wọ́. Ẹja yíyan ló ń tà. Kò pariwo rárá, bẹ́ẹ̀ ariwo ì bá rọrùn fún mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ń ṣiṣẹ́. Ọmọ mi kì í ṣe alágbe. Ẹ wo orúkọ tí wọ́n ń pè é nílé ìwé báyìí." A yọ fọ́tò náà kúrò, ṣùgbọ́n ó ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, àwọn kan tá ò mọ̀ rí ń fi ojú ọmọ yẹn tọrọ owó, nọ́ńbà àkáǹtì mìíràn ló wà lábẹ́ ẹ̀. Ọmọ náà ò wá sí Sátidé mọ́. Bó bá rí mi lójú títì, ó máa ń gba òdì kejì.

Látìgbà náà, a kì í ya ojú ọmọ mọ́. Ìkòkò là ń yà, ìwé tí wọ́n kọ, ọwọ́ tó ń di pẹ́ńsù mú. Ó ti ná wa lówó. Iléeṣẹ́ kan fẹ́ gbé ọgbọ̀n àpò ìrẹsì wá, wọ́n ní kí àwọn ọmọ tò, kí wọ́n gbé báàgì tó ní àmì iléeṣẹ́ náà sókè. A ní rárá, wọ́n sì gbé e lọ síbòmíràn. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa bínú sí mi gan-an, mo sì mọ ìdí tí wọ́n fi bínú.

Ohun tó gbà wá ni ìwé ìṣirò. Ẹ ó rántí oṣù kẹwàá 2020, lẹ́yìn tí wọ́n yìnbọn fún àwọn tó ń wọ́de ní Lẹ́kí, tí àwọn èèyàn já ilé ìkẹ́rù ní Mazamaza, níbi tí pálíétíìfù kòrónà wà, oúnjẹ ìrànwọ́ tí wọ́n ní ìjọba kó pamọ́. Láti ọjọ́ yẹn, bí ẹ bá ti ní ẹ ń kó oúnjẹ jọ fún tálákà, ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ á wò yín lókè wò yín nílẹ̀: "Ṣé kì í ṣe pé ẹ fẹ́ tọ́jú ẹ̀ pamọ́?" Nínú oṣù yẹn kan náà, àwọn ọ̀dọ́bìnrin kan, Feminist Coalition, kó owó tó lé ní ₦140 mílíọ̀nù jọ fún ìwọ́de EndSARS, èyí tí wọ́n ṣe lòdì sí ìwà ìkà àwọn ọlọ́pàá SARS, wọ́n sì ń gbé iye tó wọlé àti iye tó jáde síta kí gbogbo ayé rí i. Ọmọ mi ló fi hàn mí. Nígbà tí ìyà wá jẹ mí tán, mo rántí ẹ̀, mo kọ́ ọ lára wọn.

Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kọ̀ọ̀kan, a ń gbé ìwé báńkì ẹgbẹ́ àti gbogbo rìsíìtì ọjà sórí WhatsApp, títí kan èyí tí ìyá alátà fọwọ́ kọ sẹ́yìn páálí sìgá. A kì í yọ àdánù kúrò. Oṣù kan wà tá a kọ ọ́ pé gàrí ₦7,400 hu, a dà á nù, ẹ̀bi wa ni torí òjò bá a níta. Àyà mi ń já nígbà tí mo fi í ránṣẹ́. Oṣù yẹn ni àwọn èèyàn tuntun mọ́kànlá dara pọ̀ mọ́ wa. Ọ̀kan sọ pé ẹni tó lè jẹ́wọ́ gàrí, kò ní jí ìrẹsì.

Àwa tá à ń dáwó lé díẹ̀ ní ogóje báyìí, láti ₦500 sí ₦5,000 lóṣù. Àwọn obìnrin àjọ ti padà, mo lọ bẹ̀ wọ́n nílé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyà tó kù ni pé owó ò níyì mọ́. Kí oṣù kẹfà 2023 tó dé, nǹkan bí ₦460 ni ìjọba ń ṣẹ́ dọ́là. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń gba dọ́là ń rẹ́rìn-ín, àwa ń sunkún, torí àpò ìrẹsì kọjá ₦80,000 lọ́dún yẹn. Ẹni tó ń fún wa ní ₦5,000 láti ìbẹ̀rẹ̀ kò dín in kù, Ọlọ́run á bù kún un, ṣùgbọ́n ohun tó ń tó ìlàjì àpò tẹ́lẹ̀ ti di bíi kílò mẹ́ta nígbà yẹn. Àwọn ará òkèèrè ń ràn wá lọ́wọ́, àmọ́ ẹ má gbé ọkàn lé GoFundMe, ibi tí wọ́n ti ń tọrọ owó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kì í gba àkáǹtì Nàìjíríà. Ẹnì kan tó wà lókè òkun ló máa bá yín ṣí i, àkáǹtì tiẹ̀ ni owó á sì wọ̀. Ìtàn yàrá méjì tèmi yẹn, ẹ rántí ẹ̀.

Nígbà Ramadan, àwọn kan máa ń mú sàká wá, ìdá kan nínú ogójì owó wọn. Ẹ ya ìyẹn sọ́tọ̀. Alfa àdúgbò wa jókòó tì wá, ó ṣàlàyé pé àwọn ẹni mẹ́jọ tó tọ́ sí ni Kùránì kà, rẹ́ńtì ọ́fíìsì ò sì sí lára wọn. Àpò sàká wa, oúnjẹ àti owó ilé ìwé àwọn aláìní nìkan la máa ń fi ṣe, a sì ń kọ ọ́ lọ́tọ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ máa ń sọ fún mi pé gbajúmọ̀ ni kí a wá. Wọ́n á ní Davido béèrè owó lọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní 2021, ó sì di ₦250 mílíọ̀nù fún àwọn ilé ọmọ aláìlóbìí. Wọ́n á ní Tunde Onakoya ta ayò chess fún wákàtí 60 ní Times Square nílùú New York ní 2024, gbogbo ayé dáwó. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n láti 2018 ni Onakoya ti ń jókòó ti àwọn ọmọ nídìí ayò yẹn. Oṣù Kejìlá ni gbajúmọ̀ máa ń dé sọ́dọ̀ tiwa, àwọn ọmọ á jẹ ìrẹsì títí inú á fi máa run wọ́n. Oṣù kẹta ni kí wọ́n wá wò wá.

Gbogbo èèyàn ló fẹ́ ra ìrẹsì, kò sẹ́ni tó fẹ́ san owó ọkọ̀ tíṣà. Ẹ má fi pamọ́ fún wọn. Àwa ń sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀ pé nínú ₦1,000 yín, ₦250 ń lọ fún àwọn olùkọ́. Àwọn méjì péré ló ti bínú kúrò torí ẹ̀.

Lẹ́tà òyìnbó tí ẹ fẹ́ kọ, ẹ kọ ọ́, mi ò ní kí ẹ má kọ ọ́. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wá ogún èèyàn ní Mushin tó máa mú ₦1,000 wá lóṣooṣù, kí ẹ ṣe ìṣirò ẹ̀ níwájú wọn fún oṣù mẹ́fà, kí ẹ wá fi ìwé ìṣirò yẹn há àárín lẹ́tà náà. Bí wọ́n bá béèrè fọ́tò ọmọ, ẹ fi ti ìkòkò ránṣẹ́.