Omi táńkì mọ́, síbẹ̀ kòkòrò tí apá oògùn ò ká kò kúrò ní wọ́ọ̀dù

Ìbéèrè: Ní wọ́ọ̀dù ìtọ́jú àkànṣe wa, aláìsàn mẹ́ta ti kó Pseudomonas, kòkòrò àrùn kan tí ọ̀pọ̀ oògùn apakòkòrò kò ràn mọ́. A yẹ omi táńkì wò, ó mọ́. A da kílórín sínú gbogbo síńkì, kò pẹ́ tó tún fi yọjú. Ibo ló ń gbà wọlé?

Ìdáhùn: Ẹ fi táńkì sílẹ̀ ná, ẹ wo abẹ́ síńkì. Omi lè mọ́ títí dé ẹnu ẹ̀rọ omi, kó jẹ́ pé ihò tó ń gbà lọ ni kòkòrò fi ṣe ilé. Páìpù tó tẹ̀ kọdọrọ lábẹ́ síńkì máa ń dá omi dúró kí òórùn má bàa gòkè. Omi adúrósójúkan yẹn, pẹ̀lú wàrà, tíì àti omi dírípù táwọn òṣìṣẹ́ ń dà síbẹ̀, ni Pseudomonas àti kòkòrò míì tó ń jẹ́ Klebsiella ń jẹ. Wọ́n á lẹ̀ mọ́ ara páìpù, wọ́n á fi ohun tó ń yọ̀ bora. Inú ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fún ara wọn ní àbùdá tí kì í jẹ́ kí oògùn ràn wọ́n. Tí ẹ bá tún ń da oògùn apakòkòrò tó ṣẹ́kù sí síńkì, èyí tó lágbára nìkan lẹ ń dá sí.

Kílórín tí ẹ dà kọjá lọ kíákíá ni. Ó pa àwọn tó wà lókè, àwọn tó wà nísàlẹ̀ sì tún hù láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nínú ìwádìí tí Yunifásítì Virginia gbé jáde ní 2017, kòkòrò tí wọ́n fi sínú páìpù títẹ̀ náà ń gun òkè ní nǹkan bíi sẹ̀ńtímítà 2.5 lójúmọ́ bó bá ti rí oúnjẹ. Ìgbà tó dé asẹ́ ojú ihò ni omi tó ń já lù ú bẹ̀rẹ̀ sí í ta á síta. Ní ilé ìwòsàn kan ní Toronto, láàárín 2004 sí 2006, aláìsàn 36 ni irú síńkì bẹ́ẹ̀ kó bá. Ẹ̀kán omi ń ta tó mítà kan, ó kéré tán.

Ẹ lè rí i fúnra yín. Ẹ da aró tó ń tàn lábẹ́ iná UV sí ojú ihò, ẹ ṣí ẹ̀rọ dé góńgó, ẹ pa iná yàrá, kí ẹ wá tan iná UV yíká. Ibi tó bá ń tàn ni omi ta dé. Ẹ wo tábìlì ìpo oògùn dáadáa.

Fún láàbù, ẹ fi swab, igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní òwú lórí, nu inú ihò. Ní ti ẹ̀rọ, ẹ gba mìlílítà 200 nínú omi àkọ́jáde, lẹ́yìn tí ẹnikẹ́ni ò ti lò ó fún wákàtí méjì ó kéré tán, ẹ jẹ́ kó ṣàn fún ìṣẹ́jú méjì, ẹ tún gba òmíràn. Ìgò náà gbọ́dọ̀ ní sodium thiosulphate tó ń pa agbára kílórín. Bí kòkòrò bá pọ̀ nínú ti àkọ́kọ́ tó sì dín kù nínú èkejì, ẹnu ẹ̀rọ ló bà jẹ́. Bó bá pọ̀ nínú méjèèjì, ó ti wà nínú páìpù lọ́hùn-ún. Kí láàbù sì fi kòkòrò síńkì wé ti ara aláìsàn, torí kí orúkọ jọ ara wọn nìkan kò tó ẹ̀rí.

Lẹ́yìn ìyẹn, síńkì ìfọwọ́ di ti ìfọwọ́ nìkan. Omi tí a fi wẹ aláìsàn kò gbọ́dọ̀ débẹ̀. Ẹ kó oògùn àti ohun èlò jìnnà ju mítà kan lọ, tàbí kí ẹ fi pákó ìdènà sí àárín. Kí púlọ́mbà yí ẹnu ẹ̀rọ kí omi má já sójú ihò gan-an. Páìpù títẹ̀ tí ẹ bá pààrọ̀ yóò tún kó kòkòrò láti inú ògiri, ẹ má gbára lé e. Fílítà ẹnu ẹ̀rọ ń dá ohun tó bá omi wá dúró, kò kan ti ihò rárá. Àwọn tó ń fọ síńkì sì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀rọ, kí wọ́n fi aṣọ mìíràn parí sí ihò. Ẹni tó bá ti ihò bẹ̀rẹ̀ ń gbé kòkòrò gun òkè ni.

Bí gbogbo ẹ̀ ò bá ràn án, ẹ yọ síńkì tó wà nítòsí ibùsùn. Ilé ìwòsàn Radboud ní Nijmegen, ní Netherlands, ṣe bẹ́ẹ̀, irú kòkòrò yìí sì dín kù lára àwọn aláìsàn. Tí ẹ bá yọ ọ́, ẹ gé páìpù omi rẹ̀ padà dé ibi tí omi ti ń ṣàn. Gígùn tó bá ṣẹ́kù láìlò, omi á dúró sínú rẹ̀.