Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mélòó ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù yunifásítì Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ borí kó tó lè gbá bowl?

Mẹ́fà ni, nínú 12 tí wọ́n sábà máa ń gbá ní sáà kan. Bọ́ọ̀lù tí à ń sọ níbí kì í ṣe ti ẹlẹ́sẹ̀ o, èyí tí wọ́n ń gbé sá lọ́wọ́ ni. Bowl sì ni ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àfikún tó máa ń wáyé lẹ́yìn sáà, láàárín oṣù Kejìlá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní. Rose Bowl ló pẹ́ jù nínú wọn: ní 1902, Michigan na Stanford 49 sí 0 ní Pasadena.

Bí ẹgbẹ́ tó ní mẹ́fà kò bá tó iye àyè tó ṣófo, wọ́n lè pe ẹgbẹ́ tó borí márùn-ún péré. Máàkì APR, tí NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá yunifásítì Amẹ́ríkà, fi ń wo bí àwọn agbábọ́ọ̀lù ṣe ń tẹ̀síwájú nínú ẹ̀kọ́ wọn, ni wọ́n fi ń yan irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Báyìí ni Minnesota ṣe wọlé ní 2023, tó sì borí Bowling Green 30 sí 24 ní Detroit.

Àǹfààní tí àwọn kóòṣì fẹ́ràn jù ni ìgbaradì oṣù Kejìlá, torí ẹgbẹ́ tí kò rí bowl gbá ti lọ sinmi nígbà náà. Ìgbà yẹn ni àwọn ọ̀dọ́ tó ti ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì máa ń ráyè, pàápàá bí àwọn àgbà bá ti yẹra nítorí NFL (líìgì àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù yìí ṣiṣẹ́ jẹun) tàbí tí wọ́n ti kó lọ sí yunifásítì mìíràn.