Iná iwájú mọ́tò ń ṣẹ́jú

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, mo fi amplifier 1000 watt sínú Corolla mi, bí béèsì bá ti ń lù báyìí, iná iwájú á máa ṣẹ́jú. Rewáyà ní kí n ra bátìrì kejì, ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Àbúrò, di owó ẹ mú ná. Alternator, ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnnì ń yí, ló ń pèsè iná, bátìrì kejì náà á tún máa jẹ lára ẹ̀ ni, amplifier 1000 watt gidi sì lè fa iná tó tó bí ampere 90. Wáyà ni kó o kọ́kọ́ pààrọ̀, èyí tó ti alternator lọ sí bátìrì àtàwọn wáyà ẹ́ẹ̀tì (àwọn tó so bátìrì àti ẹ́ńjìnnì mọ́ bọ́dì ọkọ̀), kó nípọn dáadáa, kópà gidi o, kó o sì ha pẹ́ńtì bọ́dì títí irin á fi yọ kó o tó de wáyà ẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn. Fíúsì gbọ́dọ̀ wà nítòsí bátìrì, tórí wáyà tó bá bó lè dáná sun ọkọ̀. Bó bá ṣì ń ṣẹ́jú, alternator ńlá ló kù.