Wá orúkọ dókítà yẹn wò kí o tó sanwó

Àbúrò mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ohun tí o kọ. O ní ọmọ mẹ́ta tí o bí ti mú kí awọ ikùn rẹ fà wálẹ̀, o fẹ́ kí wọ́n gé e. O ti rí dókítà kan tí àwòrán iṣẹ́ rẹ̀ wù ẹ́, wọ́n sì láwọn á dín owó kù fún ẹ tí o bá san án kó tó di ọjọ́ Ẹtì. O wá ń béèrè bí èèyàn ṣe ń mọ̀ pé dókítà kan mọ iṣẹ́ náà lóòótọ́. Jọ̀ọ́, má tíì sanwó. Jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí fún ẹ.

Iṣẹ́ abẹ yìí kan náà ni mo ṣe ní ọdún 8 sẹ́yìn. Dókítà tó ṣe é fún mi kì í ṣe ayédèrú. Ó lọ sílé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ó gba ìwé àṣẹ, ó sì gbé e kọ́ sára ògiri. Èmi rí "dókítà" níwájú orúkọ rẹ̀, ọkàn mi balẹ̀, mi ò sì béèrè nǹkan kan mọ́. Ìgbà tí nǹkan ti bàjẹ́ tán ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé kò kọ́ iṣẹ́ abẹ àtúnṣe ara rí, pé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ díẹ̀ ló lọ ṣe kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gé ikùn àwọn èèyàn. Òfin ò sì dí i lọ́wọ́. Kódà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, ẹni tó bá ti níwèé àṣẹ dókítà lè máa ṣe iṣẹ́ abẹ oge fún ẹni tó bá sanwó, bí kò tiẹ̀ gba ẹ̀kọ́ plastic surgeon, ìyẹn dókítà iṣẹ́ abẹ àtúnṣe ara, rárá.

Ọjọ́ keje ni mo rí i. Mo dúró níwájú dígí, mo ṣí báńdéèjì, mo rí i pé awọ ìsàlẹ̀ ìdodo mi, láàárín gan-an lókè ibi tí wọ́n rán, ti ń dúdú. Mo fọwọ́ kàn án, mi ò mọ̀ ọ́n lára. Ó tutù. Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí i, ó fèsì pé á jinná, kí n má ṣèyọnu. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ 2, ibẹ̀ ti gbẹ, ó le bí awọ bàtà, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ mi, etí rẹ̀ sì ti ń rùn. Mo pè é títí, kò gbé e. Obìnrin tó gbowó lọ́wọ́ mi ló ń dá mi lóhùn pé dókítà wà ní tíátà.

Plastic surgeon kan ní ọsibítù ńlá ló gbà mí sílẹ̀. Wọ́ọ̀dù àwọn tí iná jó ni mo ti bá a, níbi tó ti ń yẹ ọmọdékùnrin kan tí wọ́n lẹ awọ mọ́ lápá wò. Nígbà tó rí tèmi, kò bú ẹni tó ṣe é. Ó mú bírò, ó ya ikùn sórí ìwé fún mi. Ó ní tí wọ́n bá ti tú awọ ikùn kúrò lára ẹran tí wọ́n sì fà á wálẹ̀, òkè àti ẹ̀gbẹ́ ni ẹ̀jẹ̀ ti ń wá bá a, ìsàlẹ̀ láàárín ló sì jìnnà sí ẹ̀jẹ̀ jù. Tí èèyàn bá tún wá fa ọ̀rá abẹ́ awọ yẹn ní àfajù lọ́jọ́ kan náà, tó sì rán an le koko, ẹ̀jẹ̀ lè má dé ibẹ̀ mọ́, awọ á sì kú. Ohun tí wọ́n ṣe fún mi nìyẹn gẹ́lẹ́. Wọ́n gé òkú awọ náà dà nù, oṣù 3 ni wọ́n fi ń fọ ojú ọgbẹ́ kó tó pa dé, ó sì lé lọ́dún kan kí wọ́n tó lè tún àpá rẹ̀ ṣe.

Wọ́ọ̀dù yẹn ló jẹ́ kí n mọ ohun tí plastic surgeon jẹ́. Orúkọ yẹn ò kan rọ́bà. Èdè Gíríìkì ló ti wá, ó jẹ mọ́ kéèyàn fọwọ́ mọ nǹkan bí ìgbà tí wọ́n bá ń mọ amọ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ojú àwọn ọmọ ogun tí ọta ìbọn fọ́ ni dókítà oníṣẹ́ abẹ kan tó ń jẹ́ Harold Gillies ń tún ṣe, ní ọsibítù tí wọ́n ṣí ní Sidcup nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1917. Gbígbé awọ láti ibì kan síbòmíì láìjẹ́ kó kú niṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ẹni tó bá kọ́ iṣẹ́ yìí délẹ̀ ti tọ́jú ara tó jóná, ètè tó là láti inú oyún, àyà tí wọ́n gé ọmú kúrò nítorí jẹjẹrẹ, kó tó kan ikùn tèmi tìẹ.

Nítorí náà, gba orúkọ rẹ̀ lódindi, bó ṣe wà nínú ìwé àṣẹ rẹ̀. Orúkọ tó ń lò lórí Instagram lè yàtọ̀. Wá a nínú ìwé orúkọ tí àjọ tó ń fún àwọn dókítà ní àṣẹ ní orílẹ̀-èdè tó ti máa gé ẹ ń tọ́jú. Má wo orúkọ nìkan o, wo ẹ̀ka iṣẹ́ tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀. General Medical Council ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìwé orúkọ ọ̀tọ̀ fún àwọn tó kọ́ṣẹ́ dé ìpele akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ nínú ẹ̀ka kan, ẹnikẹ́ni ló sì lè wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ní Amẹ́ríkà, ìwé ẹ̀rí American Board of Plastic Surgery ni kí o wá. Má fi ìbéèrè yìí mọ sọ́dọ̀ àwọn tó fẹ́ gbowó lọ́wọ́ ẹ.

Béèrè ọsibítù ńlá tó gbà á láyè láti ṣe irú iṣẹ́ yìí gan-an nínú tíátà wọn. Béèrè ẹni tó máa kùn ẹ́ lóorun. Dókítà tó gé mi náà ló fún mi lábẹ́rẹ́ oorun, nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ó yẹ kí dókítà míì wà tí kò ní iṣẹ́ kankan ju kó máa ṣọ́ èémí àti ọkàn rẹ. Kí o sì mọ ibi tí wọ́n máa gbé ẹ lọ tí mímí bá di ìṣòro lóru.

Lẹ́yìn náà, fetí sí ohun tí òun náà máa bi ẹ́. Ti àkọ́kọ́ ò bi mí ní nǹkan kan. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan: ṣé mò ń mu sìgá, torí ó gbọ́dọ̀ ku ọ̀sẹ̀ 4 sí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ kéèyàn ti jáwọ́, nítorí èròjà inú rẹ̀ máa ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pa, ṣé ẹ̀jẹ̀ ti dì sẹ́nì kan lẹ́sẹ̀ rí nínú ẹbí wa, ṣé mò ń lo oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí, ṣé àpá mi máa ń wú sókè, ṣé mo ṣì fẹ́ bímọ, nítorí oyún á tún fa awọ náà. Mo bi òun náà ní ohun tó ti bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ rí. Ó sọ ti ẹni méjì tí ẹ̀jẹ̀ dì sí lára lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ó sì sọ ohun tó ṣe. Ìgbà yẹn ni mo tó gbà á gbọ́.

Ní ti àwòrán, béèrè èyí tó ti pé ọdún kan, tí àpá rẹ̀ hàn.

Tí wọ́n bá sì ní àwọn á fi ọ̀rá tí wọ́n fà síbi ìdí rẹ, dúró ná. Ní 2018, àwọn ẹgbẹ́ plastic surgeon kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fún ọ̀rá sínú ẹran ìdí, torí àwọn iṣan ńlá tó wà níbẹ̀ lè gbé e lọ sínú ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró, ó sì ti pa èèyàn. Abẹ́ awọ nìkan ni. Tí kò bá lè dá ẹ lóhùn bẹ́ẹ̀, dìde.

Ẹni tó tún mi ṣe ní kí n lọ ronú fún ọ̀sẹ̀ 2 kí n tó fọwọ́ síwèé. Jẹ́ kí ọjọ́ Ẹtì wọn kọjá. Tí o bá ti rí orúkọ dókítà náà nínú ìwé yẹn, fi ohun tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, màá bá ẹ wò ó.