Ṣé kí á dáwó ra tíráńsífọ́mà ńlá?

Ìbéèrè: Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹja tútù ni mo ń tà ní Òmù-Àrán, ìsàlẹ̀ àdúgbò wa pátápátá ni ilé mi wà. Bó bá ti di aago méje alẹ́, gílóòbù á máa pọ́n wẹ̀ẹ̀, firísà á kàn máa kùn, kò ní dì. Àwọn tó wà nítòsí tíráńsífọ́mà ò mọ ìyà yìí. Àwọn lánlọ́ọ̀dù ní kí á dáwó ra èyí tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣé ó máa yanjú ẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìfaradà, Ìyá ẹlẹ́ja. Ẹ ní kí wọ́n ṣì ní sùúrù ná. Lálẹ́ ọjọ́ kan náà, kí oníṣẹ́ iná fi mítà wọn iná nílé tó sún mọ́ tíráńsífọ́mà jù, kó wá wọn tiyín, lórí féèsì kan náà o (féèsì ni ọ̀kan nínú wáyà mẹ́ta tó ń gbé iná kúrò lára tíráńsífọ́mà). Bí tọ̀hún bá tó nǹkan bíi 230 fóltì, tí tiyín jẹ́ 150, tíráńsífọ́mà kọ́ ló jẹ̀bi. Ojú wáyà ni iná ń ṣòfò sí, ńlá tí ẹ fẹ́ rà ò sì ní dín in kù. Bí méjèèjì bá lọ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn lánlọ́ọ̀dù lè lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Kọ́rẹ́ńtì, ìyẹn bí iná tó ń ṣàn nínú wáyà ṣe pọ̀ tó, ló ń fa òfò náà. Bó bá di ìlọ́po méjì, òfò á di ìlọ́po mẹ́rin. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé fóltì, ìyẹn agbára tó ń ti iná, sókè nígbà mẹ́wàá, kọ́rẹ́ńtì á di ìdá kan nínú mẹ́wàá fún iṣẹ́ kan náà, òfò á di ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun tí ẹnjiníà William Stanley lò nìyẹn ní Great Barrington, Amẹ́ríkà, lọ́dún 1886: 500 fóltì lójú títì, tíráńsífọ́mà á sọ ọ́ di 100 fún gílóòbù. Ní 1891, àwọn ẹnjiníà Dolivo-Dobrovolsky àti Charles Brown fi féèsì mẹ́ta gbé iná láti Lauffen dé Frankfurt ní Jámánì, kìlómítà 175. Ọgbọ́n yẹn náà ló ń gbé iná Jẹ́bà wá sí Gánmọ̀ lórí 330,000 fóltì.

Nítorí náà, kí wáyà 11,000 fóltì rìn dé ìsàlẹ̀ àdúgbò yín, kí tíráńsífọ́mà kékeré wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó yọ kọ́bọ̀, ẹ ní kí ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná wò ó bóyá féèsì kan ṣoṣo ni gbogbo yín rọ́ sí, kí wọ́n pín ilé sórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyí nìkan ti tó ládùúgbò púpọ̀. (Ẹni tó ń gun òpó lọ pààrọ̀ féèsì fúnra rẹ̀, ẹ̀mí ló fi ń ṣeré.) Sitebiláísà ńlá, ẹ̀rọ tó ń gbé fóltì sókè nínú ilé, á kàn fa kọ́rẹ́ńtì sí i ni, iná aládùúgbò á tún wálẹ̀.

Ní báyìí ná, bí iná bá ti pọ́n, ẹ yọ firísà kúrò kí mọ́tò rẹ̀ má jóná. Ẹ tàn án padà lóru, nígbà tí àwọn èèyàn bá ti sùn.