Ọmọ oṣù 9 ń mu ẹ̀kọ yó, àmọ́ kò tóbi: kí la lè fi kún oúnjẹ rẹ̀ láti inú oko?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àgbẹ̀ ni mí ní abúlé kan lẹ́bàá Ṣakí. Ọmọkùnrin wa ti pé oṣù 9. Nígbà tí ìyá rẹ̀ gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, kílò 7 ni wọ́n bá a. Ó ń mu ọmú, ó sì ń mu ẹ̀kọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, ó máa ń yó, àmọ́ kò tóbi. Ìyá mi ní ẹyin àti ẹran kò yẹ ọmọdé, pé yóò sọ ọ́ di olè. A ní àgbàdo, sóyà, ẹ̀pà àti adìẹ nílé. Owó tí a ó máa fi ra oúnjẹ ọmọ inú agolo ni kò sí. Kí ni kí a ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ sì kú ìtọ́jú ọmọ.

Ọmọkùnrin oṣù 9 tí ara rẹ̀ dá sábà máa ń wọ̀n tó kílò 9 tàbí kó dín díẹ̀. Kílò 7 ti kéré. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ sí ilé ìlera kí wọ́n fi tépù wọn apá rẹ̀ lókè ìgbọ̀nwọ́. Bí ó bá tó sẹ̀ǹtímítà 12.5, oúnjẹ ilé tí a fẹ́ tún ṣe yìí ló nílò. Bí ó bá wà láàárín 11.5 sí 12.5, ẹ ṣe oúnjẹ náà, kí ẹ sì máa gbé e padà lọ fún àyẹ̀wò bí wọ́n bá ṣe ní kí ẹ máa wá. Bí kò bá tó 11.5, ọ̀rọ̀ ti kọjá ohun tí ìkòkò ilé lè ṣe, àwọn elétò ìlera ni yóò tọ́jú rẹ̀. Ẹ tún fi àtàńpàkò tẹ orí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, kí ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta. Bí ojú ibẹ̀ bá jìn wọlé tí kò tètè padà, omi ti wà lára rẹ̀. Ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ní ti pé ó ń yó, òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ omi ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń yó o. Ikùn ọmọ kílò 7 kò gbà ju nǹkan bíi mílílítà 200 lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀kọ tó ṣàn dáadáa, tí ìyá ọmọ lè fi ọwọ́ dà sí i lẹ́nu, kì í sábà ju nǹkan bíi kálórì 30 (ìyẹn òṣùwọ̀n okun tí oúnjẹ ń fún ara) lọ nínú mílílítà 100. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, ó di nǹkan bíi 180. Yàtọ̀ sí ọmú, ọmọ ọjọ́ orí yìí nílò bíi kálórì 300 láti inú oúnjẹ. Ibẹ̀ ni àbùkù wà, bí ẹ tilẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kò ní kún un. Yàtọ̀ sí èyí, nígbà tí a bá rẹ àgbàdo, tí a lọ̀ ọ́, tí a sẹ́ ẹ, tí a sì ń da omi orí rẹ̀ nù, púpọ̀ nínú ohun tó ń kọ́ ara bá èérí àti omi yẹn lọ. Èròjà irin inú ọmú náà kì í tó ọmọ mọ́ lẹ́yìn oṣù 6. Kí ìyá rẹ̀ má dá ọmú dúró ṣá o. Kó máa fún un títí yóò fi pé ọdún méjì, ó kéré tán.

Sóyà tí ẹ ní yẹn ni kí a bẹ̀rẹ̀ láti ara rẹ̀. Ẹ lo agolo mílíìkì 7 àgbàdo sí agolo 3 sóyà. Ẹ ṣa àgbàdo, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a gbẹ, ẹ yan án díẹ̀. Ní ti sóyà, ẹ jẹ́ kí omi kọ́kọ́ hó kí ẹ tó dà á sí i. Bí ẹ bá gbé e kaná pẹ̀lú omi tútù, òórùn rẹ̀ ni ọmọ yóò fi kọ̀ ọ́. Ẹ sè é fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ fi ọwọ́ bó èèpo rẹ̀, ẹ sá a gbẹ ṣáṣá, ẹ wá yan án lórí iná tí kò le títí yóò fi pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ má fo sísè yìí. Sóyà tútù ní ohun kan nínú tí kì í jẹ́ kí ikùn lo oúnjẹ inú rẹ̀, inú ọmọ á sì máa kùn, á máa yàgbẹ́ gbuuru. Iná ló ń pa á. Ẹ pò ó mọ́ àgbàdo, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ fi asẹ́ tó dára sẹ́ ẹ ní gbígbẹ, kí ẹ sì kó o sínú ike tó ní ìdérí. Èyí tí ẹ lè lò tán láàárín oṣù kan ni kí ẹ máa lọ̀.

Fún oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan: ṣíbí ìjẹun mẹ́ta tó kún nínú ìyẹ̀fun náà àti omi tó tó mílílítà 200. Ẹ fi omi tútù díẹ̀ pò ó kó má baà di kókó, ẹ dà á sínú omi tó ń hó, ẹ máa rò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ wá fi ṣíbí ìmutíì kan epo pupa sí i àti ṣíbí ìmutíì kan edé tàbí ẹja gbígbẹ tí ẹ ti lọ̀ kúnná. Epo pupa ń fún un lókun, ó sì ń ṣe ojú rẹ̀ lóore. Bí ẹ bá gbé ṣíbí sókè tó dà wàràwàrà, kò tíì ki tó. Ó yẹ kó dúró lórí ṣíbí, kó sì rọra yọ̀ bọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́, kí ẹ sì máa fún un ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tàbí ìbẹ́pẹ tó pọ́n láàárín oúnjẹ kan sí èkejì.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ìyá ti máa ń pa á tì nìyí: ó ki jù, ọmọ ń tu ú dà, wọ́n á bu omi lé e, a tún padà sí ibi tí a ti ń bọ̀. Àgbàdo híhù ni ẹ ó fi tú u. Ẹ rẹ agolo àgbàdo kan di ọjọ́ kejì, ẹ dà á sórí aṣọ tútù tó mọ́, ẹ bò ó, ẹ máa wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí èéhù bá ti yọ, ẹ sá a gbẹ, ẹ fọwọ́ ra gbòǹgbò àti èéhù kúrò, ẹ lọ̀ ọ́ sọ́tọ̀. Bí èyíkéyìí bá bu, ẹ dà á nù. Ẹ má fi ọkà bàbà ṣe é, èéhù tirẹ̀ ní májèlé. Nígbà tí ẹ̀kọ tó ki bá ti lọ́wọ́ọ́rọ́, tí kò hó mọ́, ẹ po ṣíbí ìmutíì kan ìyẹ̀fun yìí mọ́ ọn. Láàárín bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, yóò yọ̀ lójú yín láìfi omi kún un. Ẹ tún gbé e kaná kó hó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, nítorí ìyẹ̀fun híhù kò mọ́ tó láti fún ọmọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹyin. Ẹ má bá ìyá yín jà. Wọn kò ní ọmọ náà sínú. Ohun tí àwọn àgbà ń ṣọ́ ni kí ẹnu ọmọ má ta sí adùn, kó má baà di ẹni tí ń ṣí ìkòkò ọbẹ̀. Ẹ̀kọ́ ìwà nìyẹn, ó sì ní ọjọ́ orí tirẹ̀. Eegun, ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ ọmọ yìí ló ń kọ́ lọ́wọ́ báyìí, ẹyin sì wà lára ohun tó ń kọ́ wọn. Ẹ mú ìyá yín dání lọ sí ilé ìlera, kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu nọ́ọ̀sì, nítorí àwọn ló ń bọ́ ọmọ nígbà tí ẹ bá lọ sóko. Kí ẹ tó kó ẹyin lọ sọ́jà, ẹ yọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin sílẹ̀ fún ọmọ lọ́sẹ̀. Ẹ sè é le, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ oúnjẹ rẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá pa adìẹ, ọmọ ló ni ẹ̀dọ̀.

Ẹ̀pà dára, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, èyí tó dára jù ni kó jẹ́ ti ọmọ. Ohun tó máa ń dùn mí ni pé a máa ń ta èyí tó gbó, a ó wá lọ èyí tó rún tàbí tó bu fún ilé. Májèlé aflatoxin wà nínú irú ẹ̀pà àti àgbàdo bẹ́ẹ̀. Sísè àti yíyan kì í pa á tán, ó sì lè dá ìdàgbàsókè ọmọ dúró. Ẹ sá wọn sórí tapólì, ẹ má sá wọn sórí ilẹ̀ lásán. Kí ẹ lọ ẹ̀pà kúnná. Ẹ má fún un ní hóró, ó lè há a lọ́fun.

Nígbà òjò tí iṣẹ́ oko bá le, ẹ má fi ẹ̀kọ sínú fúláàsì láti àárọ̀ di ọ̀sán. Ooru tí kò le yẹn ni kòkòrò fẹ́. Ìyẹ̀fun gbígbẹ ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún ìyá àgbà, kí wọ́n rò ó nígbà tí ọmọ bá fẹ́ jẹ ẹ́, kí wọ́n sì da àṣẹ́kù nù. Ife àti ṣíbí ni kí wọ́n lò. Kí wọ́n má rọ ọ́ o, oúnjẹ lè gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Kí wọ́n dín àgbo kù, nítorí ó ń gba àyè oúnjẹ nínú ikùn kékeré yẹn. Oyin kò sí fún un títí yóò fi pé ọdún kan.

Ẹ béèrè fún fítámì A ní ilé ìlera, láti oṣù 6 ni ó ti tọ́ sí i, lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Oògùn aràn di ìgbà tó bá pé ọdún kan. Ẹ máa wọ̀n ọ́n lóṣooṣù. Bí oṣù kan bá kọjá tí kò fi tó gíráàmù 200 kún un, pẹ̀lú gbogbo ohun tí ẹ ń ṣe, ẹ gbé e padà lọ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún ibà, kí wọ́n sì wá ohun mìíràn tó lè máa jẹ oúnjẹ náà mọ́ ọn lára.