Ẹ Bi Wá Nípa Fíìmù: Ìlù Gba Ọ̀rọ̀ Mọ́ Òṣèré Lẹ́nu

Lẹ́tà tó dé lóṣù yìí pọ̀, ẹjọ́ kan náà ló sì wà nínú èyí tó pọ̀ jù: "Mo wo fíìmù kan, kò dùn mọ́ mi." Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n níbo gan-an ni kò ti dùn? Ṣé ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́ ni, àbí ti ẹni tó yà á, àbí ti tẹlifíṣọ̀n tó wà ní pálọ̀ yín? Àwọn márùn-ún tó tọ́ka sí ojú ibi tó ń dùn wọ́n la mú.

*Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Èmi àti bàálé mi wo fíìmù ogun kan lópin ọ̀sẹ̀. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀, a ó yí ohùn sókè dé 40. Kí a tó mọ̀, ìlù ogun ti bú sẹ́kún, ọmọ tó ń sùn ti jí. Bàálé mi ní àwọn òṣèré ìsinsìnyí ò mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ṣé òótọ́ ni? — Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn*

Ẹ bá wa kí bàálé, mà. Ó ṣeé ṣe kí òṣèré má mọwọ́ mẹsẹ̀. Fíìmù tí wọ́n ṣe fún sinimá tàbí fún Netflix, ọ̀nà mẹ́fà ni wọ́n sábà máa ń pín ohùn rẹ̀ sí: iwájú lápá òsì, iwájú lápá ọ̀tún, àárín, ẹ̀yìn méjì, àti ọ̀kan fún ohùn ìsàlẹ̀ tó máa ń mi èèyàn láyà. Àárín yẹn ni ọ̀rọ̀ ẹnu sábà ń gbà. Tẹlifíṣọ̀n yín kò ní àárín. Sípíkà méjì ló ní, ìdí rẹ̀ tàbí ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n sì kọjú wọn sí, ìyẹn ni pé ògiri ló ń kọ́kọ́ gbọ́rọ̀ kó tó kàn yín. Bí ọ̀nà mẹ́fà bá wá ń fún ara wọn mọ́ sípíkà méjì, ìlù tó gba ọ̀nà mẹ́rin márùn-ún wá á bo ọ̀rọ̀ tó gba ọ̀nà kan ṣoṣo mọ́lẹ̀.

Bí fíìmù bá ti ń lọ, ẹ ṣí ibi tí wọ́n ti ń yan èdè. Bí ẹ bá rí èyí tí wọ́n kọ 5.1 sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ (ọ̀nà mẹ́fà yẹn ló túmọ̀ sí), tí òmíràn tí kò ní 5.1 sì wà, ìkejì yẹn ni kí ẹ mú. Lẹ́yìn náà ẹ lọ sí Settings tẹlifíṣọ̀n, abala Sound, ẹ yan èyí tó bá ń jẹ́ Speech, Clear Voice tàbí Dialogue. Bí Night Mode bá wà níbẹ̀, ẹ tàn án. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti tẹ ariwo ńlá mọ́lẹ̀, kó sì gbé ohùn kékeré sókè, àwọn ìbejì náà á sùn.

Ohun kan tún wà tó ń da àwọn èèyàn láàmú: bí wọ́n bá kúrò lórí YouTube bọ́ sórí Netflix, ohùn á lọ sílẹ̀, wọ́n á ní rìmóòtù ti bàjẹ́. Ohun tí Netflix ní kí àwọn olóhùn fi ọ̀rọ̀ ẹnu sí ni -27 LKFS, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí ohùn ṣe ga tó; bó bá ṣe jìnnà sí òdo sísàlẹ̀ tó ni ohùn ṣe ń rọlẹ̀ tó. YouTube ní tirẹ̀, nǹkan bíi -14 ló máa ń mú ohùn wá sí bó bá ti ga jù bẹ́ẹ̀. Àfo tó wà láàárín méjèèjì yẹn ló ń gbé yín dé 40.

Àwọn òṣèré kan wà tó ń jẹ ọ̀rọ̀ mì lóòótọ́ o. Ẹ fi earpiece wo ibi kan náà lórí fóònù. Bó bá yé yín, tẹlifíṣọ̀n ló jẹ̀bi. Bí kò bá yé yín síbẹ̀, bàálé jàre.

*Ẹ̀gbọ́n, Peckham ni mo wà. Nínú fíìmù tí mo wò lánàá, ẹnu òṣèré ti pa dé kí ọ̀rọ̀ tó jáde. Ọ̀rẹ́ mi ní wọ́n lọ tún ohùn gbà sínú yàrá ni. Báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀? — Àbúrò yín, Lọ́ńdọ̀nù*

Ẹ wá ibi tí nǹkan ti ń ba nǹkan. Ibi tí wọ́n ti ń gúnyán ló dáa jù. Ẹ wo ọmọrí odó: bó bá ti kanlẹ̀ tán, tó tiẹ̀ ti ń gòkè padà kí "gbì" tó dún, ohun tó wà nílé yín ló ń pẹ́, kì í ṣe fíìmù. A fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé sípíkà Bluetooth lẹ ń lò. Ìdámẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ni Bluetooth sábà máa ń fi pẹ́. Àwòrán 24 tàbí 25 ni fíìmù ń fi hàn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà bí ohùn bá pẹ́ ní ìdá méjì nínú mẹ́wàá, àwòrán márùn-ún ti kọjá lọ. Ojú á rí i.

Ọ̀pọ̀ á sáré lọ fọwọ́ kan Audio Delay nínú Settings, á sì tún burú sí i. Orúkọ rẹ̀ ti sọ ọ́: ṣe ló ń dá ohùn dúró. Lórí ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n, kò lè ti ohùn síwájú. Wáyà ni ìwòsàn rẹ̀, HDMI tàbí optical.

Bí ọmọrí odó bá bá "gbì" rẹ̀ mu, tó jẹ́ ẹnu nìkan ni kò bá ọ̀rọ̀ mu, ọ̀rẹ́ yín gbà á. Jẹnẹrétọ̀ àdúgbò tàbí afẹ́fẹ́ ló ba ohùn ọjọ́ náà jẹ́, òṣèré sì padà wá sọ ọ́ nínú yàrá. Èyí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, gbogbo ayé ló ń ṣe é. Ohun tó ń tú wọn fó ni pé inú igbó ni wọ́n wà, ohùn sì ń dún bí ẹni wà ní balùwẹ̀. Tàbí kí ìrẹ̀ máa ké, kí ó dákẹ́ bí òṣèré bá lanu, kó tún bẹ̀rẹ̀ bó bá pa á dé. Ẹni tó mọṣẹ́ kì í kúrò níbi tó ti yàwòrán láìjẹ́ pé gbogbo èèyàn dákẹ́ fún 30 sí 60 ìṣẹ́jú-àáyá, kí ó gba ohùn ibẹ̀ lásán sílẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n máa ń tẹ́ sábẹ́ ohùn tí wọ́n tún gbà, bí ẹní sábẹ́ àlejò.

*Olùkọ́ ni mí. Nínú fíìmù ayé àtijọ́ kan, ọkọ ìyàwó gbé ọ̀kẹ́ owó ẹyọ márùn-ún lé àna rẹ̀ lọ́wọ́, nínú àpò kékeré kan. Mo ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ń fi mí ṣẹ̀rín. Wọ́n tún mu gaàrí nínú rẹ̀. Ẹ bá mi dá sí i. — Tíṣà, Ọ̀yọ́*

Tíṣà, ẹ kọ ìṣirò yìí sójú pátákó fún wọn. Ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. Okùn 50 ló ń jẹ́ ẹgbàá, ìyẹn 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá ló ń jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, 20,000. Ọ̀kẹ́ márùn-ún jẹ́ 100,000 ẹyọ. Ẹyọ kékeré tó ń ti erékùṣù Maldives wá, ìkọ̀ọ̀kan lé díẹ̀ ní gíráàmù kan, nítorí náà ọ̀kẹ́ kan ṣoṣo lé ní 20 kílò. Ọ̀kẹ́ márùn-ún lé ní 100 kílò: àpò sìmẹ́ńtì méjì, ó tún lé. Èyí tí àwọn oníṣòwò Jámánì ń kó wá láti Zanzibar ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún tóbi, ó sì wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí èyí tó ń rẹ́rìn-ín jù nínú wọn bọ́ síwájú, kí ó gbé àpò sìmẹ́ńtì méjì lé yín lọ́wọ́.

Ohun tó dunni ni pé òótọ́ inú ọ̀rọ̀ yẹn ìbá dùn ún wò ju irọ́ rẹ̀ lọ. Ẹ ro ó wò: alárù márùn-ún tò wọlé, ọrùn wọn ń gbọ̀n, ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ ẹrù kalẹ̀, eruku sọ, àna dìde lórí ìjókòó. Kò sí ẹni tó máa sọ fún òǹwòran pé ọkùnrin yìí lówó. Àti pé àpò tó kún fún ẹyọ kì í dún ṣẹkẹṣẹkẹ bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ bí wọ́n bá sọ ọ́ sílẹ̀. Ó máa ń dún gbìràmù ni.

Ti gaàrí, ó dá lórí ìgbà tí wọ́n ní ìtàn náà ṣẹlẹ̀. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ẹ̀gẹ́ ti wá. Àwọn Àgùdà tó ń ti Brazil bọ̀ wálé ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún wà lára àwọn tó tan ọgbọ́n ṣíṣe gaàrí ká ilẹ̀ wa. Ọ̀yọ́-Ilé ti dahoro ní nǹkan bí ọdún 1830 sí 1840. Bí fíìmù bá wà ní Ọ̀yọ́-Ilé nígbà tó ṣì ń gbóná, ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹ iyán. Ẹ̀kọ náà kò burú. Òkè òkun ni àgbàdo ti wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ gan-an lọ́dọ̀ wa kí ẹ̀gẹ́ tó gbilẹ̀. Bí ẹ bá sì gbọ́ "àlàáfíà" tàbí "àlùbáríkà" lẹ́nu ọba àtijọ́, ẹ fi sílẹ̀, ọ̀dọ̀ Lárúbáwá ló ti wá, ó sì ti wọlé tipẹ́. "Kọ́bọ̀" ni kí ẹ dá dúró. Èdè Òyìnbó ni.

*Mo wo Aníkúlápó lórí fóònù. Ibi tó bá ṣú, ojú àwọn òṣèré máa ń dà bí ògì tó dì. Kámẹ́rà wọn ni kò dáa ni? Dátà 1.5GB tí mo rà sì tán nígbà tó ku díẹ̀. — Akẹ́kọ̀ọ́, Ìlọrin*

Kámẹ́rà kọ́. Fíìmù tí Kúnlé Afọláyan ṣe ní 2022 yẹn jẹ́ 142 ìṣẹ́jú. Bí Netflix bá wà ní ìwọ̀n àárín, nǹkan bíi 0.7GB ló ń jẹ ní wákàtí kan, èyí tó máa fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1.7GB fún gbogbo rẹ̀. Ẹ ti rí ibi tí 1.5 ti já. Ìwọ̀n ìsàlẹ̀, 0.3GB ní wákàtí kan, yóò jẹ nǹkan bíi 0.7GB títí dé òpin. HD lè jẹ tó 3GB ní wákàtí kan, ó sì lè lé ní 7GB títí dé òpin.

Ògì yẹn ń wá nítorí pé bí dátà kò bá tó, ibi òkùnkùn ni wọ́n ti ń kọ́kọ́ dín àwòrán kù, wọ́n gbà pé ojú kò ní mọ̀. Ẹ wá Wi-Fi, ẹ dáwúnlóòdù rẹ̀ ní ìwọ̀n tó ga, kí ẹ tó lọ sílé. Ẹ pa Battery Saver, ẹ tan iná fóònù dé òkè, ẹ má sì wò ó nínú oòrùn. Ibi tí dátà ti tán mọ́ yín lọ́wọ́ yẹn gan-an ni gbogbo ìwà Ṣàró, olú ẹ̀dá ìtàn fíìmù náà, ti ń gba èrè. Ẹ padà lọ wò ó.

*Ẹ ǹ lẹ́ o. Ọmọ mi, ọdún 14, kò gbọ́ Yorùbá dáadáa. Abẹ́ àwòrán ló ń kà. A jọ tún wo Ṣaworoidẹ. Ó bi mí pé: "Dádì, ìlù ló kàn dún, kí ló dé tí ojú gbogbo wọn yí padà?" N kò mọ bí mo ṣe máa dáhùn. — Bàbá Fẹ́mi, Houston*

Ọmọ yín lójú. Àwọn tó ń kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ àwòrán kò ní àyè. Létà bíi 42 ni wọ́n sábà fàyè gbà lórí ìlà kan, ìlà méjì, ìṣẹ́jú-àáyá méje ó pẹ́ tán, ó ti gbọ́dọ̀ kúrò. Bí ìjòyè bá ki oríkì, ìdajì ló máa yè. Bí ìlù bá wá sọ̀rọ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọn kì í kọ nǹkan kan rárá. Nínú fíìmù tí Túndé Kèlání darí ní 1999 yìí, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, ìlù lẹ́jọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀: ẹni tó bá dé adé Jogbo, ìlú inú fíìmù náà, láìgba gbẹ́rẹ́ májẹ̀mú, bí wọ́n bá lu ṣaworoidẹ, orí á fọ́ ọ pa. Ìdí nìyẹn tí ojú wọn fi yí padà.

Ẹ ṣàlàyé rẹ̀ fún un báyìí. Ìlù kì í pe ọ̀rọ̀, ohùn ọ̀rọ̀ ló ń pè. Onílù á fún ọsán, ìyẹn awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó so ojú ìlù méjèèjì pọ̀, ohùn á gòkè. Á dẹ̀ ẹ́, ohùn á wálẹ̀. Nítorí náà ìlù mọ ìyàtọ̀ láàárín *igba*, *igbá*, *ìgbà* àti *igbà*. Ṣùgbọ́n *igbá*, *ilé* àti *ọkọ́*, ọ̀kan náà ni lẹ́nu rẹ̀. Òwe àti oríkì tí etí ti mọ̀ ni onílù fi ń jáde nínú ìyẹn. Àwọn ará Ìbàdàn kò kúkú jẹ́ kó rọrùn: ìlù tí ilé iṣẹ́ rédíò fi ń sọ orúkọ ara rẹ̀ láyé ọjọ́un, wọ́n ní ohun tí àwọn ń gbọ́ ni "B'Ólúbàdàn bá kú, ta ni ó joyè?"

Ẹ jókòó tì í. Bí ìlù bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ pa ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ dá a dúró, kí ọmọ fi imú kùn ún: dò, re, mí. Ẹ jọ ka iye ìgbà tó kàn, kí ẹ wá padà sí ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan sọ tàbí kọ lórin ní bí ìṣẹ́jú kan ṣáájú. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé òun náà ni ìlù ń tún sọ. Kí ẹ tó dá a lẹ́kọ̀ọ́ lórí fíìmù mìíràn, ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò o. Bí ìlù kan náà bá dún láàfin, tó dún lọ́jà, tó tún dún níbi ìsìnkú, ẹni tó to fíìmù pọ̀ ló kàn lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Kò sí ohun tó ń sọ. Ẹ jẹ́ kí ọmọ máa ka ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ.